Búlọ́ọ̀kù Onígi ní Kíláàsì Jẹ́lé-ó-sinmi: Àyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Olùkọ́ Tó Ń Lò Ó

Ọdún 11 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, nínú gbogbo ohun èlò tó sì ti gba ọwọ́ mi kọjá, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣiṣẹ́ tó àkójọ búlọ́ọ̀kù onígi tí a kò kùn lọ́dà, tí a kò ya àwòrán sí, tí a kò sì kọ lẹ́tà kankan sí lára. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe ọjà ilé iṣẹ́ kan pàtó, nítorí àwọn tó ń gé e pọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí ó ṣe ń rí lọ́wọ́ ọmọ, àti ohun tí olùkọ́ ní láti mọ̀ kí owó tó ná lé e lórí má bàa ṣòfò. N kò sì lè sọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yìí kí n má sọ ti ìyá olùkọ́ tó kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó, nítorí ọdún kan gbáko ni mo fi ní in nínú kíláàsì láìmọ ohun tí mo ní.

Búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ gùn ní íǹṣì 5½, ó fẹ̀ ní íǹṣì 2¾, ó sì nípọn ní íǹṣì 1⅜. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìwọ̀n yìí yóò rí i pé ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìbú rẹ̀, ìbú rẹ̀ náà sì jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀. Láti inú ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí ni a ti gé gbogbo ìyókù: ìdajì, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, onílọ̀ọ́po-méjì, tó gùn ní íǹṣì 11, onílọ̀ọ́po-mẹ́rin, tó gùn ní íǹṣì 22, onígun mẹ́ta, tó jẹ́ pé bí a bá kó méjì pọ̀, wọn yóò di odindi kan, pẹ̀lú àwọn òpó róbótó àti àwọn tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Caroline Pratt, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó mọ iṣẹ́ igi dáadáa, ló gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀, ó sì fi í ṣe òpómúléró iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1914, èyí tí à ń pè ní City and Country School. Òun náà kò ti ara rẹ̀ nìkan hùmọ̀ rẹ̀. Ó ti rí àwọn búlọ́ọ̀kù ńláńlá tí Patty Smith Hill ń lò fún àwọn ọmọdé, Hill pẹ̀lú sì wá láti inú ẹ̀kọ́ Friedrich Froebel, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Bad Blankenburg ní ọdún 1837. Igi Froebel kéré, orí tábìlì ni ọmọ ti ń tò ó, olùkọ́ ló sì sábà máa ń sọ ohun tí ọmọ yóò fi ṣe. Pratt gbé tirẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì fi ohun tí ọmọ yóò kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń ro ọ̀nà tí ohun èlò yìí gbà rìn láti ọwọ́ olùkọ́ kan dé ọwọ́ òmíràn, nítorí ọ̀nà kan náà ló gbà dé ọ̀dọ̀ èmi náà.

Àkójọ àkọ́kọ́ tí a rà kò dára. Ilé ìtajà tí a ti rà á fi dá wa lójú pé bákan náà ni pẹ̀lú èyí tí à ń wá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo to ìdajì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ odindi kan, ìdajì méjèèjì fi nǹkan bí èékánná gùn jù ú lọ. Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni èékánná jámọ́. Ó jámọ́ nǹkan púpọ̀. Ọmọ tó ti to ilé alájà mẹ́fà, tí òpó kan sì kúrú ju ìyókù lọ, ilé rẹ̀ yóò wó, yóò sì gbà pé ọwọ́ òun ni kò mọ nǹkan án ṣe, nígbà tó jẹ́ pé igi ló purọ́ fún un. Gbogbo ìmọ̀ ìṣirò tó wà nínú búlọ́ọ̀kù yìí, orí ìbáramu ló dúró lé. Bí ìdajì méjì kò bá di odindi, igi lásán la rà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ mẹ́rin dúró ní òòró, kí ẹ fi èyí tó gùn jù lé wọn lórí, kí ẹ wò ó bóyá ó ń mì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa etí igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi líle bíi maple ni ó máa ń pẹ́ jù. Igi rírọ̀ máa ń ya létí, ó sì máa ń gún ọmọ lọ́wọ́.

Àkójọ kejì bára mu, síbẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n lò. Inú agbọ̀n ńlá kan ni mo kó o sí ní kọ̀rọ̀ yàrá, àwọn ọmọ tó bá sì ti parí iṣẹ́ ìwé wọn nìkan ni mo ń gbà láyè láti dé ibẹ̀. Ìyá olùkọ́ kan tó ti lo ohun tó lé ní ọdún 30 lẹ́nu iṣẹ́ wá wo kíláàsì mi lọ́jọ́ kan. Kò jókòó sórí àga tí mo gbé fún un. Ilẹ̀ ló jókòó sí, nítòsí agbọ̀n náà, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan jáde, kò sì sọ ohunkóhun fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó ṣe, ó pè mí, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ni ọmọ tó wà nídìí fèrèsé yẹn ń wá?” Mo dá a lóhùn pé, “Ó ń ṣeré ni, mà.” Ó ní, “Mo rí i pé ó ń ṣeré. Kí ló ń wá nínú eré náà?” N kò rí èsì fọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ fún mi. Ìlà mọ́kànlá ló kọ nípa ọmọ tí mo ti ń kọ́ fún oṣù mẹ́fà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀: ọwọ́ tó kọ́kọ́ máa ń nà, iye ìgbà tó wó ilé rẹ̀ tó sì tún un kọ́, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ nígbà tó ń wá igi tó bá ti òdì kejì mu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó sílẹ̀ nídìí búlọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú ohun tí mo ti rí. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 4 kan ń ṣe ọ̀nà ọkọ̀ láti ìdí pẹpẹ tí a wá ń to búlọ́ọ̀kù sí dípò agbọ̀n lọ sí ìdí fèrèsé, àwọn onílọ̀ọ́po-méjì ló sì fi ń tò ó. Ó ku díẹ̀ kó débẹ̀ nígbà tí onílọ̀ọ́po-méjì tán lórí pẹpẹ. Ó wo pẹpẹ, ó wo ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fún òun ní tirẹ̀, ìyẹn kọ̀. Omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, mo fẹ́ sọ fún un pé kó mú ìpìlẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n mo rántí ìyá yẹn, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó mú ìpìlẹ̀ kan, ó gbé e sí àyè tó ṣófo, kò kún un. Ó fẹ́ dá a padà, ó tún dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àyè tó kù, ó fi ọwọ́ kan náà wọn igi tó gbé sílẹ̀, ó lọ mú òmíràn wá, àyè náà sì dí pátápátá. Kò pariwo, kò pè mí wá wò ó. Ńṣe ló padà sídìí pẹpẹ, ó kó ìdajì mẹ́rin, ó tò wọ́n síbi tó kàn, ó tẹ̀ síwájú láti wo etí wọn bóyá wọ́n ṣe déédéé pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo bá ti la ẹnu mi, mo ti gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òun yóò máa wò, iṣẹ́ Harriet Johnson yóò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ó wo àwọn ọmọdé nídìí búlọ́ọ̀kù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní New York, ó sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1933. Ó rí i pé ọmọ a kọ́kọ́ máa gbé igi káàkiri láìkọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tò ó ní ìlà tàbí gbé e lé ara wọn. Yóò wá mọ bí a ti ń fi ọ̀kan gorí méjì bí afárá. Yóò mọ bí a ti ń fi igi yí àyè kan ká kí ó pàdé. Ọ̀ṣọ́ àti ìbáradọ́gba yóò wọ inú rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohun tó kọ́ ní orúkọ. Níkẹyìn, yóò máa kọ́ ohun tó ti fojú rí, yóò sì máa ṣeré nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 5 tí kò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù rí lè sáré gba ìpele àkọ́kọ́ kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n má sọ ìpele wọ̀nyí di ìdánwò tí a ń fún ọmọ ní máàkì lé lórí. Ojú tí a fi ń ríran ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ náà ṣe pàtàkì. Tẹ́lẹ̀, “Ó dára gan-an” ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn, tí wọn a sì yí padà láti máa wojú mi dípò iṣẹ́ wọn. Nísinsìnyí, ohun tí mo bá rí ni mo ń sọ: “O fi òpó méjì gbé èyí tó gùn ró,” tàbí “Èyí tó wà lábẹ́ fẹ̀ ju èyí tó wà lókè lọ.” Ẹnu àwọn ọmọ ni mo ti ń gbọ́ “lábẹ́”, “láàárín”, “dọ́gba” àti “ó ku ìdajì” padà, láìkọ́ wọn ní kíkà tẹ̀lé mi. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi kì í sún mọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

Ohun èlò yìí ní àléébù. Ariwo rẹ̀ pọ̀, àfi bí a bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ó ń fẹ́ àyè, àyè náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà kọjá. Owó rẹ̀ kò kéré, àkójọ kékeré fún ọmọ púpọ̀ kò sì ní mú nǹkan wá ju ìjà lọ. Bí owó kò bá tó, ẹ ra ìpìlẹ̀, ìdajì àti onílọ̀ọ́po-méjì lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ẹ fi àwọn tó tẹ̀ bí òṣùmàrè sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò tó nǹkan kò lè kọ́ ilé. Ó wúwo, nítorí náà a ní òfin kan: ilé kì í ga ju èjìká ẹni tó ń kọ́ ọ lọ. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ yọ àwọn ègé kéékèèké kúrò. Àwọn kan ń bi mí bóyá oníke tó máa ń há mọ́ ara wọn kò ní sàn jù. Ó wúlò, mo sì ní in, àmọ́ ike náà ló ń di ilé mú, ọmọ kò ní láti wá ìdúróṣinṣin fúnra rẹ̀.

Kò sí agbọ̀n mọ́ ní kíláàsì mi. Orí pẹpẹ tó mọ ní àyà ọmọ ni a ń to búlọ́ọ̀kù sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn ni a sì ń jẹ́ kó kọjú síta kí ọmọ lè fi ojú mú èyí tó ń wá. Mo fi bébà gé òjìji ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀, èyí tó mú kí ìpalẹ̀mọ́ fúnra rẹ̀ di ẹ̀kọ́ ìfiwéra. Aṣọ tútù díẹ̀ ni a fi ń nù ún; a kì í rì í sínú omi. Àwọn tó ń gé e sábà máa ń fi bébà kan tí wọ́n ya ilé ńlá aláràbarà sí sínú páálí rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni mo máa ń fi ìyẹn sí, n kì í fi han ọmọ kankan.