Pixel 3a tòkunbọ̀ lọ́wọ́ aláró

Aṣọ kan tí wọ́n dá padà sí mi láti Èkó ló lé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ fóònù. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo rì í bọ ìkòkò aró kó tó dú bí mo ṣe fẹ́. Nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, aṣọ náà mọ́ bí ojú ọ̀run ọ̀sán. Nígbà tó dọ́wọ́ oníbàárà, ó pè mí, ó ní, "Mà, aṣọ ọ̀fọ̀ kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi ṣe o." N kò lè bá a jà, torí ohun tó rí nínú fọ́tò ló sanwó fún. Fóònù tí mo ń lò nígbà náà kò mọ aró. Èyí tó jìn, á sọ ọ́ di búlúù lásán. Tí mo bá gbé e sábẹ́ ibòji, á di àlùkò. Ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, èmi wá ń fi fọ́tò purọ́ mọ́ aró.

Fóònù tuntun tó ní kámẹ́rà gidi ń gba owó tí mo lè fi ra aṣọ funfun jọ fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní UNIOSUN ló ní kí n wá Pixel 3a tòkunbọ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni Google gbé e jáde. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn tòde òní ni wọ́n máa ń gbẹ́ ojú mẹ́rin sí lẹ́yìn bí ihò ọpọ́n ayò.

Ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Ọláìyá ni mo kọ́kọ́ lọ, mo san ₦88,000. Ọmọkùnrin tó tà á ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá tààrà." Ibi tó ti wá gan-an ni wàhálà. Ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ́hùn-ún ti ti bootloader àwọn fóònù tó tà pa, bootloader sì ni ẹnu ọ̀nà tí ètò mìíràn máa ń gbà wọ inú fóònù. Síìmù wa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ìpè ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yẹn kò ní ṣí láéláé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó mi orí: "Àǹtí, ògiri ni wọ́n tà fún yín, kò nílẹ̀kùn." Ẹni tó tà á gbà á padà, àmọ́ ó yọ ₦6,000 lórí owó mi, ó ní ti wàhálà òun nìyẹn. Wàhálà tirẹ̀!

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ tí ẹ lè yí inú rẹ̀ padà lọ́jọ́ iwájú, ẹ má tíì ka owó. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ About phone, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje títí yóò fi sọ pé ẹ ti di developer. Ẹ wá lọ sí Developer options, ẹ wo OEM unlocking, bọ́tìnnì tó ń gbà kí bootloader ṣí. Ẹ tan dátà kẹ́ ẹ tó wò ó, nítorí ó lè má dáhùn láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ṣì ṣú bí eérú, tí ìka ò yí i, ẹ dá a padà sínú gíláàsì tí wọ́n ti mú un. Mo ṣe é lójú ẹni tó ta ìkejì fún mi ní Alékúwodò, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọlọ́pàá. Mo tẹ *#06# kí n lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà (IMEI) wé èyí tó kọ sórí rẹ́síìtì, mo sì ṣí fọ́tò funfun gbòò láti wò bóyá òjìji kíbọ́ọ̀dù ti jẹ sójú rẹ̀. ₦92,000 ni mo san.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sá aṣọ mẹ́ta sórí okùn lẹ́yìnkùlé: èyí tí mo rì lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí mo rì lẹ́ẹ̀marùn-ún, àti èyí tó dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Mo yà wọ́n lábẹ́ ibòji, mo tún yà wọ́n nínú oòrùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó dú jù kò di èédú. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti bàbà tó máa ń yọ lójú aró tuntun wà níbẹ̀. Mo fẹ fọ́tò náà lójú: ìlà tí mo fi ìyẹ́ adìẹ fà hàn, ibi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró fi yọ́ wọlé, tín-ín-rín bí irun orí, òun náà hàn. Mo fi ránṣẹ́ sí oníbàárà Èkó yẹn. "Èyí wá ni aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi," ló kọ padà.

Àléébù rẹ̀ ò ṣòro kà. Bátìrì 3000 mAh ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú, ẹlòmíràn sì ti lò nínú ẹ̀mí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárọ̀, kì í rí ìrọ̀lẹ́ láìsí power bank. Ojú síìmù kan ló ní. Kò gba mẹ́mórì káàdì, inú 64GB náà lẹ máa há gbogbo nǹkan yín sí.

Oṣù mẹ́rin ni mo lò ó bí mo ṣe rà á, pẹ̀lú Android 12. Google kò ní fún un ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí 2022 ni wọ́n ti jáwọ́ lára rẹ̀. WhatsApp ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tó ṣe mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní gbogbo ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti rí láti 2022, kò sẹ́ni tó ń dí i lórí fóònù mi mọ́. LineageOS, ètò Android mìíràn tí kì í ṣe ti Google, ló fẹ́ fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é láti ìparí 2016, nígbà tí CyanogenMod tó ṣáájú rẹ̀ kógbá sílé. Ó jẹ́wọ́ pé torí ẹ̀ lòun ṣe darí mi síbi Pixel láti ìbẹ̀rẹ̀. Huawei ti dẹ́kun fífún èèyàn ní kóòdù ìṣílẹ̀kùn láti 2018, Xiaomi sábà máa ń ní kéèyàn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn Tecno àti Infinix tó kún ìgboro wa, a wá wọn tì nínú àkójọ fóònù tí LineageOS ń ṣe fún.

Ọjọ́ Àìkú la ṣe é. Aago mẹ́ta la jókòó, aago mẹ́rin kọjá ká tó mọ̀ pé wáyà ọwọ́ wa kò lè gbé ohunkóhun ju iná lọ. Láptọ́ọ̀pù kò rí fóònù rárá. A yá òmíràn lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ gbọ́ o: bí wọ́n bá ti ń ṣí bootloader, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ló ń lọ. Mo ti kó fọ́tò aṣọ 1,300 sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì yẹ̀ wọ́n wò. Play Store àti àwọn nǹkan Google yòókù kì í bá LineageOS wá. Ẹ ní láti fi wọ́n sí i kí fóònù tó kọ́kọ́ tan. Android 15 ló fi jí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí mo bá pa á tí mo tún tan án, ó máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi pé ilẹ̀kùn òun wà ní ṣíṣí, bí ìyá ọkọ tí kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀.

Mo sáré ya aṣọ. Aró ti tún sọnù! Gíláàsì kámẹ́rà nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí fọ́tò Pixel rí bẹ́ẹ̀. Inú áàpù Google Camera ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí, òun ló ń ya fọ́tò púpọ̀ léraléra tó ń kó wọn pọ̀ di ẹyọ kan. A wá a láti Play Store, ojú aró padà.

Ti báǹkì ni kò padà. Áàpù tí mo fi ń wo owó aṣọ sọ pé fóònù yìí kò ní ààbò, kò sì jẹ́ kí n wọlé. Ẹ bá mi rò ó. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dí ihò kankan lára fóònù yìí láti 2022, áàpù kan náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìgbà tí a dí ihò rẹ̀ tán ló wá di eléwu. Bóyá ilẹ̀kùn wà ní títì ló ń yẹ̀ wò, kò béèrè bóyá òrùlé ń jò. N kò ní purọ́ pé ilẹ̀kùn kò já mọ́ nǹkan o: ẹni tó bá jí fóònù tó ṣí bẹ́ẹ̀ lè fi láptọ́ọ̀pù ti nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Àwọn apá ìsàlẹ̀ pátápátá tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ nìkan lè tún ṣe náà sì wà níbi tí wọ́n fi wọ́n sí.

Tó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo lẹ ní, tí owó ọjà ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ ra Pixel 3a, kámẹ́rà rẹ̀ tó owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i. Tí ìkejì bá wà nílẹ̀, ẹ ṣí i. Ẹni tó bá kábàámọ̀ lè rí ètò àtilẹ̀wá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Google kó sì dá a padà. Èmi ò dá a padà. Mo lọ wá fóònù àtijọ́ ọkọ mi jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo gbé áàpù báǹkì sí i. Ojú rẹ̀ ti fọ́ lápá kan, aró ọwọ́ mi ti kùn ún látòkè délẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí nǹkan tuntun kankan ti wọ inú rẹ̀. Áàpù náà ṣí, kò bi mí ní nǹkan kan.