Táyà àti rímù fún Volkswagen Ìjàpá: mẹ́rin tó wà lọ́jà, àti èyí tí mo fọwọ́ sí

Ẹni tó bá ní Ìjàpá tó ṣì ń rìn, ì báà jẹ́ èyí tí Volkswagen of Nigeria tò l'Ékòó láti 1975, ì báà jẹ́ èyí tó ti Jámánì tàbí Brazil wọlé, ìwọ̀n táyà kan ṣoṣo ni kó máa béèrè: 165R15 (165 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì), tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń kọ ní 165/80R15. Òun ló rọ́pò 5.60-15 àtijọ́.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ alátàyà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 195/65R15 ni yóò kọ́kọ́ yí jáde fún ọ, nítorí pé táyà Corolla ni, ó sì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Má gbà á. Rímù irin Ìjàpá kì í fẹ̀ ju íǹṣì 4 tàbí 4 àbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ 195/65 ń fẹ́ rímù íǹṣì 5 àbọ̀, ó kéré tán. Tí wọ́n bá fi tipátipá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ táyà á fún pọ̀ sínú, àárín ojú rẹ̀ á yọ síta, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀dà á sì máa jẹ. Tí o bá wá dé kọ́nà, ọkọ̀ á máa fì. 185/65R15 sàn ju ìyẹn lọ díẹ̀, àmọ́ rímù íǹṣì 5 lòun náà ń fẹ́.

Nínú mẹ́rin tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, Vredestein Sprint Classic 165 HR 15 ni mo fi síwájú. Lẹ́tà H yẹn ń sọ pé ó gba eré kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Ìjàpá kò ní sá tó bẹ́ẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń fara da ooru, ooru ló sì ń bẹ́ táyà lójú ọ̀nà márosẹ̀ wa. Ojú rẹ̀ jọ ti àtijọ́, síbẹ̀ ó ń di ọ̀dà mú dáadáa nígbà òjò.

Michelin XZX 165 SR 15 ló tẹ̀ lé e. Kìlómítà 180 ni S, ó sì tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi ti àwọn ọdún 1970, òun ni kó rà. Ó wọ́n, òkèèrè lo sì ti máa ránṣẹ́ rà á, nítorí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa láti 2007.

Nankang CX668, 165/80R15, láti Taiwan, ni ti ẹni tó ń gbé Ìjàpá lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. 87T tó wà lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé táyà kan gba ẹrù kílò 545, ó sì gba eré kìlómítà 190. Kò lẹ́wà bí àwọn méjì yẹn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ṣeé san. Mo fẹ́ ẹ tuntun ju Michelin tòkunbọ̀ èyíkéyìí lọ.

Ẹ̀kẹrin ni Firestone 5.60-15 tó ní funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí Coker Tire ní Chattanooga, Amẹ́ríkà, ń tà. Crossply ni, ìyẹn táyà àtijọ́ tí okùn inú rẹ̀ dábùú ara wọn; kì í ṣe radial, tí okùn tirẹ̀ lọ tààrà láti etí kan sí èkejì, bíi ti àwọn mẹ́ta ìṣáájú. Ó dára fún ọkọ̀ àfihàn àti ọkọ̀ ìyàwó. Lójú ọ̀nà tí tírélà ti tẹ̀ di kòtò gbọọrọ, ńṣe ni yóò máa fa sítíárì kiri mọ́ ọ lọ́wọ́. Tí o bá rà á, ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: radial níwájú àti crossply lẹ́yìn ń mú kí ìdí ọkọ̀ yọ̀ ní kọ́nà, Ìjàpá sì ti wúwo nídìí tẹ́lẹ̀.

Èyíkéyìí tí o bá mú, ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é kó tó di 2000. Fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó.

Ó kan rímù. Ihò 5 ni Ìjàpá àtijọ́ ní, ihò 4 ni ti ìgbà tó yá. Láàárín 1966 sí 1968 ni àyípadà náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pààrọ̀ dúrọ́ọ̀mù lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà má fi ọdún ọkọ̀ nìkan ra rímù. Wọn ihò. Láti àárín ihò kan sí àárín èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mìlímítà 120 àbọ̀ ni ti oníhò 5 (5x205, ìyẹn ihò 5 lórí òbìrìkìtì tó fẹ̀ ní mìlímítà 205), 92 ni ti oníhò 4 (4x130). Tí oníhò 5 bá jẹ́ 76, rímù Porsche nìyẹn. Kò lè wọ̀ láìsí àdápítọ̀, irin tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti ọkọ̀. Àdápítọ̀ á ti wíìlì síta, táyà ẹ̀yìn á máa ha fẹ́ńdà nígbà tí èrò bá kún, bíárìnì náà á sì tètè bàjẹ́. N kò fọwọ́ sí i.

Ìjàpá kì í lo nọ́ọ̀tì, bóòtù ló ń lò: M12 (tó nípọn ní mìlímítà 12) fún oníhò 5, M14 fún oníhò 4. Yí orí bóòtù rẹ wò. Ti Volkswagen rí róbótó níbi tó ti ń jókòó sára rímù. Ti ọ̀pọ̀ rímù alọ́ì rí ṣóńṣó. Tí o bá fi oníṣóńṣó dè é sínú ihò róbótó, ìlà tín-ín-rín ni irin méjèèjì fi kan ara wọn, ó sì máa ń tú lójú ọ̀nà. Rímù irin tó bá ti ṣiṣẹ́ rí, dè é mọ́ ọkọ̀, fi jáàkì gbé e, mú bírò sún mọ́ etí rẹ̀, kí o yí i. Tó bá ń fì ju mìlímítà 1 àbọ̀ lọ, dá a padà. Fi ìka tọ inú rẹ̀: tí kò bá sí òkè kékeré tó yí etí rẹ̀ ká, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà yọ, tiúbù ni kí o fi sí i.

Àwọn kan ń fi 145/65R15 síwájú kí imú ọkọ̀ lè wálẹ̀. Wíìlì iwájú òsì ló ń yí wáyà míìtà eré. Táyà kékeré yìí á mú kí míìtà fi 100 hàn nígbà tí ọkọ̀ ń sá nǹkan bí 88.

Ibi tí wọ́n ti ń ba táyà tó dára jẹ́ jù ni ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Yóò fa atẹ́gùn psi 32 tàbí 35 (psi ni ìwọ̀n tí gééjì ń kà) sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà iwájú fúyẹ́. Fún radial, psi 18 síwájú, 27 sẹ́yìn. Fún crossply, 16 àti 24. Tí iwájú bá le jù, táyà á máa fò lórí gbogbo kòtò, sítíárì á fúyẹ́, búréèkì á tètè dì í pa lójú omi. Dúró tì í nígbà tó bá ń fa á, kí o sì fi gééjì tìrẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù.

De bóòtù ní àgbélébùú: nǹkan bí Nm 130 (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é) fún M14, 100 fún M12. Tún un dè lẹ́yìn kìlómítà 100.

Táyà ìpamọ́ nìkan lo lè fa dé 42, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, atẹ́gùn rẹ̀ ló ń tú omi sójú gíláàsì iwájú. Dín in kù kí o tó dè é mọ́ ọkọ̀.