Wọ́n bá mi gé ẹ̀dọ̀ òjòlá, wọ́n sì fọ ọ̀rá inú rẹ̀ dànù

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi tán kí ẹ tó ní ahun ni mí.

Òjòlá Burma ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀dọ̀ mẹ́fà ni mo kó fún ilé iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ láró, kí n lè fi máíkírósíkóòpù wò ó. Mẹ́ta jẹ́ ti òjòlá tó gbààwẹ̀ oṣù kan gbáko (ààwẹ̀ tiwọn kò ní sààrì, kò ní ìṣínu). Mẹ́ta yòókù jẹ́ ti àwọn tó ti gbé eku mì lọ́jọ́ méjì ṣáájú.

Wọ́n mọ ọ̀bẹ lò, n kò ní purọ́. Ẹ̀dọ̀ ejò kò fẹ̀ bíi ti ewúrẹ́. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bẹ́líìtì, ó sì rọ̀. Síbẹ̀, n kò rí ibi tó ya tàbí tó ká. Kóró àárín sẹ́ẹ̀lì dúdú bí aró, ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Kódà mo rí kóró inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, èyí tí tiwa kì í ní. Nínú ẹ̀dọ̀ àwọn tó gbààwẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kéré, wọ́n fún mọ́ra bí àgbàdo lára ṣùkù.

Ìjà dé nígbà tí mo kan àwọn tó yó. Láti 1995 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Secor àti Diamond, ti fi hàn pé ẹ̀dọ̀ òjòlá máa ń tóbi sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá ti jẹun. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a wú, ọ̀rá a kún inú rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ọ̀rá yẹn gan-an ni mò ń wá! Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n mú mẹ́ta yìí dì bíi yìnyín kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì fi Oil Red O, aró pupa tó ń mú ọ̀rá, rẹ ẹ́. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìda àbẹ́là. Xylene, kẹ́míkà olómi tí wọ́n máa ń lò kí ìda tó wọlé, sì ń yọ́ ọ̀rá dànù. Ihò funfun lọ́tùn-ún lósì, bí inú àkàrà tí a là sí méjì. Ihò ni mo sanwó fún.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ aró lásán lẹ fẹ́, ẹ lọ bá wọn. Bó bá kan ọ̀rá, ẹ dúró tì wọ́n. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní àwọn ò yẹ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù wò, pé kí n kó òmíràn wá, ọ̀fẹ́ ni. Òmíràn wo? Ṣé òjòlá tó jẹun níjẹta ló kún inú firíìjì mi ni?