Rọ́gíbì méjì, èwo ni kí ará iwájú mú?

Ká ní awakùsà ni ọ́ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 1895, tí o sì ń gbá rọ́gíbì níwájú. Tí o bá dúró sí Rugby Union, iyì wà, owó kò sí.

Northern Union, àwọn tó yapa kúrò lára Rugby Union (tiwọn ló di rugby league), ní tiwọn ń san tó ṣílè 6 fún ọjọ́ iṣẹ́ tó o pàdánù, ṣùgbọ́n Rugby Union á lé ọ títí ayé. Ní 1906 Northern Union dín agbábọ́ọ̀lù kù láti 15 sí 13. Ará iwájú méjì ló fò lọ! Lójú tèmi, ṣílè 6 náà ló kù, ebi kì í jẹ iyì.

Àmọ́ ìyà ńbẹ̀. Ní Sydney lọ́dún 1914, àtàǹpàkò Douglas Clark, ará iwájú Northern Union, kán, ó dì í, ó padà wọlé. Eegun èjìká rẹ̀ tún kán. Tẹkúntẹkún ló fi jáde.