Tíì atalẹ̀: tútù ni àbí gbígbẹ?

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, àmọ́ ohun tó wà nínú wọn ò dọ́gba.

Gingerol ló ń mú kí atalẹ̀ tútù máa ta lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń fi ooru gbẹ ẹ́, díẹ̀ nínú gingerol yìí á di shogaol, tó ta jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí kékeré kan lẹ́búlẹ́bú fi lè ta ọ̀fun ju ègé tútù mélòó kan lọ. Ní ti òórùn tó jọ ti ọsàn wẹ́wẹ́, tútù ló ni ín. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà gbígbẹ.

Gbígbẹ ń pẹ́: bó bá wà nínú ìgò tí wọ́n dé pa, ó ń lo oṣù púpọ̀. Tútù á rọ, á sì bu. Síbẹ̀, ojú lásán la fi ń mọ tútù tó ti bàjẹ́. Ta ló mọ ohun tí wọ́n lú mọ́ lẹ́búlẹ́bú?

Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kó bi dókítà kó tó sọ èyíkéyìí di ojoojúmọ́.

Bó o bá fẹ́ ìwọ̀n tó ṣeé dì mú, gbígbẹ ni. Òun náà ni wọ́n lò jù nínú ìwádìí lórí èébì aboyún, nǹkan bíi gíráàmù 1 lójúmọ́. Bó bá jẹ́ òórùn lo fẹ́, tàbí àyà máa ń ta ọ́, gé tútù díẹ̀ sómi gbígbóná.