Wáyà 2.5 tàbí 4: èwo ló yẹ kí ẹ rà fún iṣẹ́ wo nínú ilé?

Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà yóò rí i pé oríṣi wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ìwé tí oníṣẹ́ iná bá kọ fún un: 1.5, 2.5, 4 àti 6. Nọ́ńbà wọ̀nyí kì í ṣe ìbú wáyà láti etí kan dé èkejì. Bí ojú bàbà tí a ó rí bí a bá gé e ṣe fẹ̀ tó (mm²) ni wọ́n ń wọ̀n. Bí bàbà bá ṣe nípọn tó ni iná tó lè gbé kó tó máa gbóná ṣe ń pọ̀ tó, owó rẹ̀ náà sì ń gòkè.

1.5 jẹ́ ti gílóòbù àti fáànù, bíréékà (èyí tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù) áńpíà 10 ló sì yẹ kó ṣọ́ ọ; áńpíà ni wọ́n fi ń wọn iye iná tó ń gba inú wáyà kọjá. 6 jẹ́ ti kúkà oníná, lábẹ́ bíréékà 32. Kò sí ìjà nídìí méjèèjì. Àárín 2.5 àti 4 ni àríyànjiyàn wà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni 2.5 wà fún, bíréékà 20 ló sì bá a mu. Bí ẹ bá fi fóòtì (volt) 230, ìyẹn agbára tí iná ilé fi ń wọlé, pín wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ẹ ó mọ iye áńpíà tí yóò fà. Híítà omi oní-wáàtì 3,000 yóò fa 13, èyí tí 2.5 lè gbé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ki áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,200 bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lórí wáyà kan náà, ó ti di 18, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí àyè fún nǹkan mìíràn mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí híítà àti ẹ̀rọ amúlétutù ní wáyà 4 tiwọn, pàápàá bí wọ́n bá jìnnà sí ibi tí bíréékà wà. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ mítà 30, 2.5 tó ń gbé áńpíà 13 yóò jẹ nǹkan bíi fóòtì 6 lójú ọ̀nà, 4 yóò sì jẹ bíi 3.6. Lọ́jọ́ tí iná tí wọ́n mú wá fúnra rẹ̀ kò lágbára, ẹ̀rọ amúlétutù yóò mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Ní ilé kan tí mo gbé rí, bíréékà 20 ń gé iná ní gbogbo àárọ̀. Ẹni tí a pè yọ ọ́, ó fi 32 rọ́pò rẹ̀, kò sì pààrọ̀ wáyà 2.5 tó wà nínú ògiri. Bíréékà dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti jó, rọ́bà wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń ṣẹ́ bí ìpékeré. Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́, kì í ṣe híítà.

Bí wọ́n bá ń ta 4 fún yín ní pọ́ọ́kú, ẹ fi ọ̀bẹ fá ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa náà, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, 4 irú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 2.5 bàbà gidi lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọn róòlù náà lójú yín pẹ̀lú: èyí tí mo rà kẹ́yìn, mítà 100 ni wọ́n kọ sí i lára, 87 ni mo bá níbẹ̀.