Ọ̀kan lóòjọ́, márùn-ún lóṣù, mẹ́wàá lọ́dún: èlé wo ló wọ́n jù?

Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbági. Ó fẹ́ yá ₦100,000 láti fi ra máṣíìnì, ó sì ti kọ ọ̀nà mẹ́ta sẹ́yìn páálí òwú. Áàpù orí fóònù ní 1% lóòjọ́. Báńkì kékeré kan ní 5% lóṣù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìyá rẹ̀ ní 10% lọ́dún. "Bọ̀ọ̀dá, ti áàpù ló kéré jù, àbí?"

Ẹ má fi ọjọ́ wé oṣù. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ti ọdún: ti òòjọ́ lọ́nà 365, ti ọ̀sẹ̀ lọ́nà 52, ti oṣù lọ́nà 12.

Áàpù di 365%. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, ₦130,000 lẹ máa dá padà. Tẹ́ ò bá rí i san, tí wọ́n sọ èlé di ojú owó, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá gan-an, oṣù kejì á di ₦169,000, ìkẹta ₦219,700. Ogún ti kọjá ogójì nìyẹn. Ẹni tówó oníbàárà rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la nìkan ni mo lè ní kó sún mọ́ ọn.

Báńkì: 5 lọ́nà 12, 60%. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ń san owó padà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjìlá, síbẹ̀ orí odindi ₦100,000 ni wọ́n ń ka èlé sí títí dópin. ₦13,333 lóṣù: ₦8,333 ojú owó, ₦5,000 èlé. Lóṣù kejìlá, gbèsè ₦8,333 péré ló kù lọ́rùn yín, ₦5,000 náà lẹ ṣì ń san lé e! Tá a bá ka èlé sórí gbèsè tó ń kù lóṣooṣù, ó lé díẹ̀ ní 8% lóṣù, bíi 97% lọ́dún. Sógundogójì ló wọ kóòtù yẹn. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n: "Ṣé orí ohun tó kù lẹ ó máa ka èlé sí, àbí orí gbogbo owó?"

Ẹgbẹ́ náà ò mọ́ tónítóní. Wọ́n ń yọ ₦10,000 lójú ẹsẹ̀, ₦90,000 ló ń wọ ọwọ́, ₦100,000 lẹ sì ń san padà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù láàárín ọdún kan. Torí pé gbèsè ń dín kù lóṣooṣù, tí èlé ò sì dín, bíi 20% ni, kì í ṣe 10. Wọ́n tún ń béèrè onídùúró.

Mo ní kí ìyá rẹ̀ béèrè ₦112,000. Wọ́n á yọ ₦11,200, owó máṣíìnì á pé. ₦9,333 ni yóò máa san lóṣù, ó sì fi ₦4,000 dín sí ti báńkì.